Táyà Kan Bàjẹ́ Lára Ọkọ̀ Asáré: Ṣé Ẹyọ Kan Lẹ Máa Rà, Méjì, Tàbí Mẹ́rin?

Kòtò tó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìtòrí àti Ifọ̀ kò mọ ọkọ̀ olówó yàtọ̀. Tírélà tó ń kó símẹ́ǹtì jáde ní Ẹwẹ́kọrò ń já nọ́ọ̀tì àti àjákù irin sílẹ̀, òjò á bo kòtò mọ́lẹ̀, àfi gbàà! Táyà kan ti lọ. Bó bá jẹ́ Corolla tàbí Sienna ni, ọ̀rọ̀ náà kò le: ẹ wá táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu, kí wọ́n dé e, ó parí. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ asáré, bíi Golf GTI, BMW 335i, Subaru WRX STI, Lexus IS350 tàbí Mercedes AMG, ẹyọ táyà kan tí ẹ rà láti fi ṣọ́wó ná lè padà sọ yín di ẹni tó ń wá gíábọ́ọ̀sì kiri.

Fọkanáísà tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ bi yín pé, "Ọ̀gá mi, ṣé tuntun lẹ fẹ́ ni àbí tòkunbọ̀?" Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí táyà náà ti bàjẹ́, táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí lára ọkọ̀ yín (ti iwájú ni, ti ẹ̀yìn ni, àbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), àti bí eyín táyà mẹ́ta tó kù ṣe ga tó. Nǹkan mẹ́ta yìí ló máa sọ iye táyà tí ẹ máa rà. Ọ̀rọ̀ owó ló máa kẹ́yìn.

Ṣé ó ṣì ṣeé lẹ̀?

Ibi tí ìṣó ti wọlé ló pinnu. Bó bá jẹ́ àárín ojú táyà, níbi tí eyín wà tó ń tẹlẹ̀, tí ihò náà kò sì fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, ó ṣeé lẹ̀. Bó bá jẹ́ èjìká táyà, níbi tí ojú ti ń ṣẹ́ kọ́nà lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí ẹ̀gbẹ́ gan-an, kò ṣeé lẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ihò náà kéré tó. Ìdí ni pé wáyà irin ló wà lábẹ́ ojú táyà, ó sì dúró gbọn-in. Okùn tín-ín-rín ló wà nínú ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ yìí sì ń tẹ̀, ó ń nà, nígbàkígbà tí táyà bá yí ẹ̀ẹ̀kan. Ohun tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ibi tó ń tẹ̀ tó ń nà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Lílẹ̀ náà sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí tó dára ni pé kí wọ́n bọ́ táyà kúrò lára rímù, kí wọ́n tan iná wo inú rẹ̀ yíká, kí wọ́n fọ ihò náà mọ́, kí wọ́n wá ti rọ́bà tó ní ìrù bí olú gba inú wá sí ìta pẹ̀lú gọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìrù rẹ̀ á dí ihò, orí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ inú. Èyí tí a sábà ń rí lẹ́bàá títì ni plọ́ọ̀gì, ìyẹn okùn rọ́bà tí wọ́n ń fi irin gún wọlé láti ìta láìbọ́ táyà. "Ẹ jẹ́ kí n fi plọ́ọ̀gì sí i, kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan." Òótọ́ ni pé kò ní í jò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rí inú táyà náà, omi sì lè gba ẹ̀gbẹ́ okùn yẹn wọlé kó máa jẹ wáyà irin. Ẹ fi gbé ara yín délé láti Kóbàpẹ́ tàbí Ṣíun, kò burú. Ẹ má fi sáré lórí ọ̀nà Ṣàgámù fún odindi oṣù mẹ́ta.

Inú táyà yẹn tí mo ní kí wọ́n wò ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ náà nígbà tí afẹ́fẹ́ ti tán, kódà bó jẹ́ láti Ìyànà Mọ́ṣúárì dé Kútọ̀ péré, ẹ̀gbẹ́ táyà á ti ká sábẹ́ rímù, á sì ti lọ ara rẹ̀. Ẹ máa bá ìyẹ̀fùn dúdú nínú rẹ̀, àti ìlà kan tó yí ẹ̀gbẹ́ inú po bí ìgbà tí nǹkan há a. Táyà yẹn ti tán, ìbáà jẹ́ pé ihò ìṣó kékeré ló dá a sílẹ̀, ìbáà sì jẹ́ pé eyín rẹ̀ ṣì ga. Táyà asáré ló sì máa ń tètè ṣe báyìí, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrú. Ẹ̀gbẹ́ táyà 225/40R18 kò ju mílímítà 90 lọ. Kò sí àyè púpọ̀ láàárín rímù àti títì.

Ti kókó ńkọ́? Lẹ́yìn tí ẹ já sí kòtò, bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá wú síta níbì kan, bó tiẹ̀ jẹ́ bí ìdajì ẹyin, okùn inú rẹ̀ ló ti já níbẹ̀. Rọ́bà lásán ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Kò sí gétà, kò sí pátì, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan tó lè tún un ṣe. Kò yẹ kí ọkọ̀ náà lọ sí ìrìn àjò mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí kókó náà bá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, ẹ kò ní í rí i láti ìta. Ẹ fi ọwọ́ wá a kiri, tàbí kí ẹ gbé ọkọ̀ sókè lórí jáàkì, kí ẹ sì rí i pé ó jókòó dáadáa kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

Kòtò tó ba táyà jẹ́ sábà máa ń tẹ rímù pẹ̀lú. Kí wọ́n tó dé táyà tuntun sí i, ẹ ní kí wọ́n gbé rímù nìkan sórí ẹ̀rọ báláǹsì, kí wọ́n yí i, kí ẹ dúró wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá ń jó, ó ti tẹ̀. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ṣeé nà. Èyí tó ti sán, pàápàá ní agbada inú tí ojú kì í tó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wẹ́dà jó o fún yín kí ẹ tún máa bá a sáré.

Ẹ wọn mẹ́ta tó kù

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, òun gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Táyà tuntun máa ń ní nǹkan bíi mílímítà 8 láti orí eyín dé ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀. Ti àwọn ọkọ̀ asáré míìràn máa ń dín díẹ̀. Nígbà tó bá kù 1.6, ó ti tán: gíga àwọn kókó rọ́bà kéékèèké tí wọ́n ṣe sí ìsàlẹ̀ kòtò náà nìyẹn, tí wọ́n bá ti bá eyín dọ́gba, ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún yín. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ọ́n kò wọ́n, kò sì ju bí bírò lọ.

Ẹ wọn ọ́n níbi mẹ́ta lára táyà kọ̀ọ̀kan: ìta, àárín, inú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dẹ orí táyà rẹ̀ sínú díẹ̀ kó lè dì mọ́ títì dáadáa nígbà tó bá ń ṣẹ́ kọ́nà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ inú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ lè wò ó láti ìta kó dà bíi tuntun, kí wáyà sì ti yọ nínú. Nọ́ńbà tó kéré jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká mú táyà 245/40R18, tí àwọn Subaru STI kan máa ń lò. Láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀ nígbà tó bá wà ní tuntun, mílímítà 653 ni. Tí ẹ bá fi okùn yí i po, mílímítà 2,052. Nígbà tó bá ti jẹ mílímítà 4 kúrò nínú eyín rẹ̀, gíga rẹ̀ ti di 645, okùn tó yí i po ti di bíi 2,027. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nínú kìlómítà 1, táyà tuntun á yí nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún lé ní irínwó (487), èyí tó ti jẹ á yí 493. Iye mẹ́fà péré ni ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n nínú kìlómítà 100, ó ti di 600, tí gíà àárín àti dífẹ́rẹ́ńṣà (gíà tó ń jẹ́ kí táyà méjì lè yí ní iye tó yàtọ̀) sì ń gbìyànjú láti bá wọn làjà ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí ẹni tí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ tó sì rìn láti Láfẹ́nwá dé Ọ̀bàntókò: ìgbáròkó ló máa dùn ún, kì í ṣe bàtà.

Ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni àwo kílọ́ọ̀ṣì inú tíráńsífà tàbí ohun tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n ṣe é kó máa yọ̀ díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà nìkan. Bó bá ń yọ̀ láìdúró lórí ọ̀nà gbọọrọ, ọ́ìlì inú rẹ̀ á gbóná, àwo á jẹ. Ẹ̀yin á kọ́kọ́ gbọ́ gbígbọ̀n díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí kọ̀rọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí.

Subaru sọ ọ́ ní tààrà pé ìyàtọ̀ okùn tó yí táyà po kò gbọ́dọ̀ ju ìdámẹ́rin ínǹṣì lọ láàárín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ pín in padà sí gíga eyín, kò ju mílímítà 1 lọ. Audi quattro, BMW xDrive, Mercedes 4MATIC àti Golf R ní òdiwọ̀n tiwọn nínú ìwé ọkọ̀, àwọn kan fàyè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀. Nítorí náà: bí mẹ́ta tó kù bá ṣì ní 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 8, tí ẹ sì rí irú rẹ̀ gan-an, ilé iṣẹ́ kan náà, orúkọ táyà kan náà, ẹ ra ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ti di 5 tàbí 4, mẹ́rin ni. Ó dunni, mo mọ̀. Ní òkè òkun, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá táyà tuntun kó lè kúrú bá àwọn yòókù. Ẹni tó bá ní òun máa fi ọwọ́ fá tiyín níbí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Kí ẹ tó sọ pé ọkọ̀ tiyín kò sí nínú èyí, ẹ lọ wo bọ́ọ̀tù rẹ̀. Mercedes C300 tó kún ìgboro wa, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ 4MATIC sí lẹ́yìn, tí ẹni tó rà á kò sì mọ̀ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan, tàbí iwájú nìkan

Níbí, méjì-méjì ni ìṣirò. Táyà méjì tó bá wà lórí áàsì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì: nọ́ńbà kan, ilé iṣẹ́ kan, irú kan, kí ìyàtọ̀ eyín wọn má sì ju mílímítà 2 lọ. Bí èkejì rẹ̀ bá ṣì ní 6 sókè, ẹ lè ra ẹyọ kan. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ra méjì. Ti ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì, tó sì ní dífẹ́rẹ́ńṣà tó ń di táyà méjèèjì mọ́ra wọn, bíi BMW M, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra. Ìyàtọ̀ tí dífẹ́rẹ́ńṣà lásán lè fara dà, òun kò lè fara dà á.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn wọn kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́. BMW 335i onírímù 18 máa ń lo 225/40R18 níwájú àti 255/35R18 lẹ́yìn. Lexus IS350 ọdún 2006 sí 2013 tí ẹ̀yìn ń tì lo 225/40R18 níwájú, 255/40R18 lẹ́yìn. Ẹ wò ó dáadáa: ti BMW, gíga iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, 637 àti 636, ti Lexus, ẹ̀yìn fi mílímítà 24 ga ju iwájú lọ. Ẹni tó bá wá gbé 255/35 sí ẹ̀yìn Lexus yẹn nítorí pé òun ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní "fífẹ̀ kan náà ni," ti ba ìṣirò ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí búréèkì di táyà pa) jẹ́, iná á sì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ má tẹ̀lé èyí tí ẹ bá lára ọkọ̀. Ẹni tó lò ó kí ẹ tó rà á lè ti ṣe ohun tó wù ú.

Bí ẹ bá ra méjì fún ọkọ̀ tí táyà iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba, ibo lẹ máa kó tuntun sí? Fọkanáísà á ní iwájú, pàápàá bó bá jẹ́ iwájú ló ń fa ọkọ̀, bíi Golf GTI. Ẹ̀yìn ni. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ń sọ nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì yé ẹni tó bá ti wakọ̀ nínú òjò oṣù kẹfà. Nígbà tí táyà iwájú bá léfòó lórí omi, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ sítíárín, ẹ ó yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, ọkọ̀ á padà dì. Nígbà tí ti ẹ̀yìn bá léfòó, kò sí ohun tó máa kìlọ̀ fún yín. Ìdí ọkọ̀ á kàn fẹ́ ṣáájú orí rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì lè dá a padà. Nítorí náà, ẹ gbé èyí tó ti jẹ díẹ̀ wá síwájú, ẹ kó tuntun sẹ́yìn. Iwájú ló máa tètè jẹ, ẹ ó sì tún ra méjì míìràn nígbà tó bá yá.

Kíka ara táyà

245/40R18 97Y XL. Nọ́ńbà 245 ni fífẹ̀ ní mílímítà, 40 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ jẹ́ ìdá 40 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, 18 ni ìwọ̀n rímù. Ìyẹn kò ṣòro. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ ni 97Y. 97 ni ẹrù tí táyà kan lè gbé, kílò 730. Y ni eré tó lè fara dà, kìlómítà 300 ní wákàtí kan. W jẹ́ 270, V 240, H 210, T 190. XL ni pé ó gba afẹ́fẹ́ tó le ju ti gbogbogbòò lọ kó tó lè gbé ẹrù yẹn.

Wọ́n á ní, "Ta ló fẹ́ sá 300 ní Abẹ́òkúta?" Kò sí. Àmọ́ lẹ́tà náà kì í ṣe ti eré nìkan. Ó ń sọ bí táyà ṣe ń fara da ooru, ooru ló sì ń pa táyà ní ilẹ̀ wa. Títì oṣù kẹta lọ́sàn-án ń jó bí iná. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé W lẹ rí dípò Y, tí ìwé ọkọ̀ sì gbà á láyè, kò sí ìjà níbẹ̀. T tàbí H sí abẹ́ AMG, rárá. Nọ́ńbà ẹrù ní tiẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ rárá: bí 97 bá wà níbẹ̀, 91 kò ṣeé lò, kílò 615 ni tiẹ̀.

Ẹ lè rí àmì míìràn: ìràwọ̀ kékeré fún BMW, MO fún Mercedes, AO fún Audi, N0 tàbí N1 fún Porsche. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn ló ní kí wọ́n po rọ́bà rẹ̀ lọ́nà kan fún òun. Ẹ kò gbọ́dọ̀ so èyí tó ní àmì pọ̀ mọ́ èyí tí kò ní lórí áàsì kan, kódà bí orúkọ wọn bá jọra. Tí kò bá sí èyí tó ní àmì lọ́jà, ẹ ra méjì tí kò ní in.

Runflat sì wà, táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le débi pé ó lè rìn tó kìlómítà 80 láìní afẹ́fẹ́, bí ẹ kò bá sá ju 80 lọ. BMW ló pọ̀ jù lára wọn. Ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ táyà lásán. Tó bá ti rìn láìní afẹ́fẹ́, ẹ ka iye rẹ̀ sí ohun tó ti tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ń bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, wọ́n ń fi táyà lásán sí i, nítorí runflat wọ́n, ó sì ń gbọ̀n ènìyàn jìgìjìgì lójú kòtò. Kò burú, àmọ́ ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní sípíà nínú bọ́ọ̀tù. Ẹ ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀, kí ẹ sì gbé sípíà kan dání bí ẹ bá ń lọ sí Ìbàdàn.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀

Láti ìgbà tí Michelin ti pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Port Harcourt dé ní 2007, tí Dunlop náà sì tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà, ọkọ̀ ojú omi ni táyà ọkọ̀ kéékèèké wa ń gbà wọlé. Táyà àlòkù wà nínú ohun tí ìjọba kà léèwọ̀ láti kó wọlé, àyàfi ti ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí wọ́n fẹ́ tún rọ́bà rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, ẹ lọ sí Ìta-Ọ̀ṣìn tàbí Láfẹ́nwá kí ẹ rí i bí wọ́n ṣe tò ó jọ.

Tòkunbọ̀ ní ẹ̀tàn kan tó gbọ́n: bí táyà mẹ́ta yín bá ní 5, ẹ lè rí tòkunbọ̀ tó ní 5, irú kan náà, kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba láìra mẹ́rin. Lórí bébà, ìṣirò náà pé. Ṣùgbọ́n ẹ kò mọ ohun tó ti já sí ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, ẹ kò mọ bóyá ẹni kan ti wà á láìní afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ta kú pé ẹ máa rà á, kí wọ́n ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ fún yín nínú oòrùn. Ẹ wá ìyẹ̀fùn dúdú, ìlà tó yí ẹ̀gbẹ́ po, pátì tó wà nínú, àti etí tó ń jókòó lórí rímù bó bá ti ya. Táyà tó ń dán gbinrin bí bàtà tí wọ́n fi pólíìṣì sí, ẹ fi ìka nù ún; tí dúdú bá gbà lọ́wọ́ yín, ọ̀dà ni wọ́n fi bo sísán rẹ̀.

Tuntun náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn: 3523 ni ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2023. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí pátápátá, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i, ẹ yí táyà náà padà. SON (àjọ tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà) àti FRSC (àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) ń kìlọ̀ pé kí táyà má ju ọdún 4 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Michelin fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún 5, kí wọ́n sì yọ ọ́ dànù lẹ́yìn ọdún 10. Pẹ̀lú oòrùn wa, ti SON ni kí ẹ mú. Táyà tí ẹ fẹ́ san owó tuntun fún tó ti lo ọdún 3 nínú ilé ìkẹ́rùsí, kí wọ́n yọ owó rẹ̀, tàbí kí wọ́n mú òmíràn wá.

Ẹ wo etí rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn oníṣòwò kan máa ń ki táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bọ inú ara wọn kí kòǹtẹ́ńà lè gba púpọ̀, SON sì ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Táyà tí wọ́n ti ká bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ kì í jẹ́ róbótó mọ́, ó máa ń wọ́ níbì kan, wáyà inú rẹ̀ sì ti ṣẹ́. Nylon tí wọ́n fi wé e lára kò túmọ̀ sí ohunkóhun.

Dídé rẹ̀

Ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi bọ́ ọ, ẹ má gbà kí wọ́n fi irin gbọọrọ méjì àti òòlù bọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀. Agbára tí wọ́n máa lò lè ya etí táyà, á ha rímù, á sì fọ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ bí ọkọ̀ yín bá ní in. Sẹ́ńsọ̀ náà wà nínú, ní ìdí fáàfù. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ó wà níbẹ̀.

Bí ọfà bá wà lára táyà, apá ibi tí ọfà dojú kọ ló gbọ́dọ̀ máa yí sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú. Bí wọ́n bá kọ "Outside" sí i, ojú ìta ni kí wọ́n kọ sí. Ẹ wò ó kí wọ́n tó fẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti di nọ́ọ̀tì tán. Lẹ́yìn náà, báláǹsì, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń nájà lé lórí.

Nọ́ọ̀tì ní agbára tí wọ́n fi ń dì í: Golf, 120 Nm, Mercedes C-Class, 130. Irinṣẹ́ tó ń kà á ni kí wọ́n fi parí rẹ̀, ní ìsọdá-sọdá bí ìràwọ̀, kì í ṣe ẹni tó gun orí sípáná. Bí ó bá le jù, àwo búréèkì á wọ́, ẹ ó sì máa rò pé táyà ló ń gbọ̀n. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún un dì.

Aláínmẹ́ǹtì ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìṣó ló ba táyà jẹ́, kò di dandan. Bó bá jẹ́ kòtò, dandan ni, nítorí ohun tó ba táyà jẹ́ lè ti wọ́ apá ìsàlẹ̀, táyà tuntun yín á sì jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ọdún tó parí.

Afẹ́fẹ́: iye tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, nígbà tí táyà bá tutù, ní òwúrọ̀ kí ẹ tó rìn jìnnà. Táyà tó ti rìn lọ́sàn-án lè fi 4 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ti òwúrọ̀ lọ. Bí ẹ bá yọ ọ́ nígbà yẹn kó lè bá ìwé mu, yóò kéré jù lọ́jọ́ kejì. Gééjì ẹ̀bá títì kì í sábà sọ òótọ́, ẹ ra tiyín. Bí ọkọ̀ yín bá ń ka afẹ́fẹ́ nípa bí táyà ṣe ń yí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná á tàn láìnídìí.

Ní kìlómítà 300 àkọ́kọ́, ẹ rọra wà á. Òróró tí wọ́n fi yọ táyà kúrò nínú móòdù ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì dì mọ́ títì bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá sì fi mẹ́rin pààrọ̀, ẹ má fi mẹ́ta tó kù lé fọkanáísà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́: èyí tó dára jù lọ nínú wọn ni sípíà yín, kí ẹ dé e sórí rímù míìràn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn kò dé. Ó sàn gan-an ju sípíà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú bọ́ọ̀tù, tó ń gba 60 psi, tí kò sì gbọ́dọ̀ sá ju 80 lọ.